Àjàní, má tíì fọwọ́ kan agolo yẹn

Òkè-Àdó, Ìbàdàn,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá Tóbi ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Lẹ́tà rẹ dé ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo kọ́kọ́ kà á, inú mi dùn. Mo tún kà á sókè kí Bàbá lè gbọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó rí ibi tí o kọ ọ́ sí nísàlẹ̀ pé opó bàbá tó ta ìbọn fún ọ fi agolo kọfí kan lé e, pé ẹ̀tù ló kún inú rẹ̀, pé kò sí orúkọ lára rẹ̀, pé o máa fi òṣùwọ̀n kéèkì ìyàwó rẹ wọn díẹ̀ sínú ọta wò. Mi ò jẹ ẹ̀bà alẹ́ yẹn tán.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ yọ̀ ná. Winchester 1894! Ìbọn tí wọ́n ń fi irin abẹ́ rẹ̀ fà, irú èyí tí àwọn kaobọ́ì gbé lọ́wọ́ nínú sinimá tí a torí ẹ̀ jẹgba lọ́wọ́ tíṣà. John Browning ló ya àwòrán rẹ̀, ọdún 1895 ni ọta .30-30 dé fún un, ẹ̀tù tí kì í rú èéfín ló sì wà nínú ọta náà. Tìrẹ tún ṣáájú 1964, ọdún tí wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń ṣe é padà. Mo mọ ìdí tí o fi ń gbé e sùn.

Ibi tí o ti ṣàlàyé nípa orí ọta ló dùn mọ́ Bàbá jù. O ní inú ọ̀pá tó wà lábẹ́ ẹnu ìbọn ni àwọn ọta ń tò sí, orí ọ̀kan á kọjú sí ìdí ìkejì, níbi tí ìṣáná kékeré tó ń tan iná wà; pé bí orí ọta bá mú ṣóṣóró, bí ìbọn bá ti ta padà, ó lè gún ìṣáná ti iwájú rẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ gbiná; torí náà ni wọ́n ṣe ń lo ọta olórí pẹlẹbẹ. Bàbá mirí títí. Wọ́n ní, "Ọmọ yẹn ti di ọdẹ."

Ọdẹ náà ló wá fẹ́ fi òṣùwọ̀n kéèkì ìyàwó rẹ̀ wọn ẹ̀tù! Àjàní, alágbẹ̀dẹ góòlù lò ń bá sọ̀rọ̀. Òṣùwọ̀n ni mo fi ń jẹun. Gíréènì ni ìwé ẹ̀tù yín ń kà. Giramu 1 lé ní gíréènì 15. Gíréènì 30 tó wà nínú orúkọ ọta yẹn, ìwọ̀n ẹ̀tù tí wọ́n ń rọ sí i láyé àtijọ́, kò pé giramu 2. Òṣùwọ̀n tó ń fò láti 1 bọ́ sí 2 lè fi nǹkan bí ìdajì pa mọ́ ọ lójú.

Ní àárọ̀ àná mo gbé òṣùwọ̀n mi jáde ní ṣọ́ọ̀bù, mo wọn iyọ̀ gbígbẹ giramu 1.94, ìyẹn gíréènì 30, sínú ọmọrí ìgò kan. Mo wọn giramu 2.9, tó fi nǹkan bí ìdajì lé sí i, sínú òmíràn. Mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èmi tí mò ń wo góòlù láti àárọ̀ di alẹ́, mo ní láti tẹ̀ mọ́ ọn kí n tó mọ èyí tó pọ̀ jù. Mo mú ọwọ́ Bàbá, wọ́n fi ìka kan inú ọmọrí kìíní, wọ́n fi kan èkejì. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn gbé ọwọ́ lọ sí ojú ọ̀tún, o mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Ràfíù ti bímọ, obìnrin ni. Wọ́n ti wó ilé alákàrà. Iná ọba ò sí láti Ọjọ́rú. Mo ti ra jenerétọ̀ míì.

Mo padà sí agolo. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ sí mi pé ẹ̀tù pé oríṣiríṣi, pé èyí tó wà fún ìbọn ìlewọ́ ń yára jó ju ti ìbọn gígùn lọ, pé bí èèyàn bá ṣì wọ́n mú, irin lè fọ́ mọ́ ọn lójú. Lórí àtẹ́lẹwọ́, o lè má mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ta ló mọ èyí tí bàbá olóògbé yẹn rọ sínú agolo? Ó lè jẹ́ pé méjì ló dà pọ̀. Àwọn ọdẹ tiwa pàápàá tí wọ́n ń fi ojú wọn ẹ̀tù dúdú sínú ṣakabùlà, wọ́n mọ ẹni tó gún un fún wọn.

Jọ̀wọ́, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ọ́. Má rọ ọ́ sínú ọta kankan. Fọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí koríko ẹ̀yìn ilé, jìnnà sí iná. Ra tuntun tí orúkọ wà lára rẹ̀, ra òṣùwọ̀n tó ń ka gíréènì, kí o sì tẹ̀ lé ohun tí ìwé ẹ̀tù náà bá wí. Bí owó ni kò jẹ́ kí o rà á, sọ fún mi, a ó wá nǹkan ṣe. Má yin ìbọn náà kí n tó gbúròó rẹ. Mò ń gbé fóònù wọ ilé ìwẹ̀ báyìí.

Ó ku ohun tí Bàbá ní kí n sọ. Ojú òsì ń lọ díẹ̀díẹ̀, dókítà ti sọ fún wa. Wọ́n ní kí o yọ gbogbo ọta kúrò nínú ìbọn náà, kí o yẹ inú rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, kí o wá fa irin abẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù kí o fi ìró rẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n fẹ́ fi etí wo ìbọn ọmọ wọn.

Èmi ni,
Àlàó.