Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìkòkò jọ

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Màmá ti pè mí. Wọ́n ní èmi ni mo kó àrùn ràn ọ́, pé ilé tí kò gba ènìyàn tán ni ìwọ náà tún ń kó ìkòkò amọ̀ sí, nígbà tí fìríìjì wà, tí kúlà sì wà. Mo ní kí wọ́n má bínú, pé ó ṣáà sàn ju tẹ́tẹ́ lọ. Wọn ò dá mi lóhùn.

O béèrè bóyá àwọn tí o rà dára, o sì béèrè bí ènìyàn ṣe ń wọ ẹgbẹ́ wa, àwa tí a ń kó ìkòkò jọ. Jẹ́ kí n dáhùn méjèèjì pọ̀.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ ò sọ nǹkan kan fún mi. Ojú ìkòkò ni gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń yà. Ìdí rẹ̀ ni kí o yà fún mi. Ibẹ̀ ni èéfín máa ń wà bí wọ́n bá ti sebẹ̀ nínú rẹ̀ rí, ibẹ̀ náà ni ara rẹ̀ ti máa ń jẹ bó bá ti pẹ́ nílẹ̀. Gbé e sókè, fi ìka kàn án. Èyí tí iná rẹ̀ jinná máa ń dún gooro. Èyí tó ti sán, bí ojú ò tilẹ̀ rí ibi tó ti sán, ohùn rẹ̀ á kú. Lẹ́yìn náà, ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Inú ni àpá ìka ẹni tó mọ ọ́n máa ń ṣẹ́kù sí, nítorí ìta ni wọ́n ń dán, wọn kì í sábà dán inú.

Amọ̀ wúwo, kò ṣeé rù jìnnà. Ibi tí amọ̀ tó dára bá wà ni àwọn amọ̀kòkò ń wà, amọ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní ìwà tirẹ̀. Ní ẹbu Dada, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò ní Òkèlele, ní Ìlọrin, àwọn obìnrin ibẹ̀ á tẹ amọ̀ bo ìdí ìkòkò mìíràn tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n á lù ú títí á fi dọ́gba. Bó bá ti gbẹ díẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sì fi amọ̀ tí wọ́n lọ́ gígùn kọ́ ọrùn lé e. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń sun ún. Bí wọ́n bá fi igi gígùn yọ ọ́ nínú iná, tó ṣì ń gbóná janjan, wọ́n á bu omi èèpo irúgbá tí wọ́n ti sè lé e lórí. Bó ṣe máa pariwo! Omi yẹn ló ń sọ ọ́ di dúdú tó ń dán, òun náà ló ń dí ihò tíntìntín ara rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ta ìkòkò dúdú fún ọ, tó ní ti Ìlọrin ni, wá ibi tí omi ti ṣàn, kí o sì wá ibi tí kò dé. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi pólìṣì bàtà kùn. Pólìṣì kì í ṣàn bẹ́ẹ̀.

Ìpetumodù ní tiwọn, Ìsàn Èkìtì ní tiwọn. Ìyẹn, ojú rẹ ni kó rí i.

Mọ iṣẹ́ tí ìkòkò kọ̀ọ̀kan ń ṣe kí o tó mọ iye owó rẹ̀. Ọrùn orù há kí omi má baà dànù lórí ẹni tó ń ti odò bọ̀. Ẹnu àmù fẹ̀ kí igbá lè wọ inú rẹ̀. Ìṣaasùn, ti ọbẹ̀ ni. Ìwọ tó o fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì, èyí á dùn mọ́ ọ: omi àmù ń tutù nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń gba ara amọ̀ yọ síta, bí atẹ́gùn bá sì ti ń gbé èyí tó yọ, ooru inú rẹ̀ ló ń bá a lọ. Ẹni tó bá fi ọ̀dà kun àmù kó lè yẹ pálọ̀, ó ti pa á nìyẹn. Má ra irú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ti ń wá iṣẹ́ Ladi Kwali. Gbogbo wa la wá a. Obìnrin Gbágyì tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn ₦20 ni. Ó ti ń mọ ìkòkò omi nílé kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò tí Michael Cardew, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Abuja ìgbà náà, ìyẹn Suleja òde òní. Ọdún 1954 ló wọ ibẹ̀, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Kò pa ọ̀nà tó bá nílé tì: ó ṣì ń fọwọ́ kọ́ ìkòkò rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń yí ìkòkò ká, ó ń fín alángbá, ọ̀nì, àkekèé àti ejò sí i lára. Ohun tó yàtọ̀ ni iná ibẹ̀, tó gbóná ju ti ìta gbangba lọ fíìfíì, àti ohun dídán bíi gíláàsì tó ń yọ́ mọ́ ọn lára. Wọ́n máa ń tẹ òǹtẹ̀ sí iṣẹ́ ibẹ̀, ti amọ̀kòkò àti ti ilé iṣẹ́. Bí ẹni tó ń tà á bá ń búra tí kò sì sí òǹtẹ̀, máa lọ. Bí òǹtẹ̀ bá wà, gbé e wá kí àwọn àgbà wò ó kí o tó sanwó.

Ní tèmi, mi ò ní kí o máa lé èyí tó ti gbó kiri. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ò gbà pẹ̀lú mi, a sì ti jà á dáadáa. Àkọ́kọ́, òfin wà. Òfin Nàìjíríà ti 1979 lórí mùsíọ́mù ní iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó níyì ìtàn tàbí ọnà tí wọ́n ti fi ṣe ètò ìbílẹ̀ rí, ì báà jẹ́ àná ni wọ́n mọ ọ́n. Aṣojú tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ló lè rà á, kò sì gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ yìí láìsí ìwé àṣẹ. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé àwo ọta Erinlẹ̀, ìyẹn ìkòkò òrìṣà Erinlẹ̀, tí wọ́n jí kó ní ojúbọ wá bá ọ lóru, má bi í ní èló.

Ìkejì ló dùn mí jù. Àìmọye ìkòkò wà ní mùsíọ́mù tí a mọ ẹni tó rà á, tí a ò mọ ẹni tó mọ ọ́n. Àbátàn ará Òkè-Ọ̀dàn, tó ń mọ àwo Erinlẹ̀, wà lára àwọn díẹ̀ tí orúkọ wọn ò sọnù, nítorí pé Robert Farris Thompson, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, lọ jókòó tì í, ó sì kọ̀wé lé e lórí ní 1969. Àwọn ìyá tó wà lẹ́bu lónìí ṣì wà láàyè. Wọ́n lè sọ orúkọ wọn fún ọ. Ra ìkòkò lọ́wọ́ wọn, kí owó náà sì dé ọwọ́ wọn. Má ná ọjà wọn títí tí wọn ò fi ní rí owó igi san.

Ẹgbẹ́ wa ò ní fọ́ọ̀mù. Ohun tí a ń béèrè ni ìkòkò kan àti ìwé tí o kọ nípa rẹ̀: ta ló mọ ọ́n, níbo, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ ń pè é, kí ni wọ́n ń fi í ṣe, ọjọ́ tí o rà á. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ iye tó rà á, a máa ń fi ṣẹ̀sín. Ìyá àgbà kan wà láàárín wa tí kò kó ìkòkò jọ rí láyé rẹ̀; ṣe ni wọ́n ń tà á lọ́jà nígbà èwe wọn. Àwọn ni adájọ́. Ọ̀gá olùkọ́ kan máa ń ṣàlàyé títí tí ọ̀fun rẹ̀ á fi gbẹ, ìyá á wá gbá ìdí ìkòkò pẹ́, wọ́n á ní, "Èyí ò jinná," ó parí.

Ibẹ̀ náà lo ti máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Má gbé ìkòkò ní ètè. Gbé e lé òṣùká, torí ìdí rẹ̀ ò tẹ́jú. Má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, amọ̀ á mu ún. Bó bá fọ́, má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ kí o tó bi wá. Kó gbogbo àpáàdì rẹ̀ sínú àpò kan.

A ó lọ sí Ìlọrin lẹ́yìn òjò, torí ìta gbígbẹ ni wọ́n ti ń sun ún. Màá sọ ọjọ́ rẹ̀ fún ọ. Kó òṣùká àti àkísà dání, kí o sì ṣẹ́ owó rẹ sí kéékèèké. Bí a bá dé ibẹ̀, kúnlẹ̀ kí àwọn ìyá dáadáa, má tíì yọ fóònù. Àárọ̀ kùtù la ń gbéra, awakọ̀ wa kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ