Wọ́n Fẹ́ Wó Ilé Ìjọsìn Wa

Abẹ́òkúta

Fọlákẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ọmọ náà. Ṣé òtútù ilẹ̀ ọ̀hún kò mú yín jù? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níhìn-ín: ẹsẹ̀ Màmá ti sàn, ọmọ Bùnmi ti wọ yunifásítì, omi ẹ̀rọ sì ti padà dé àdúgbò wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn, ìwọ nìkan sì ni mo lè sọ ọ́ fún tí yóò yé bí ó ti rí lára mi. Ìgbìmọ̀ ìjọ wa ń gbèrò láti wó ilé ìjọsìn wa àtijọ́ lulẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ gbọ̀ngàn ńlá sí ojú ibẹ̀.

Ohun tí wọ́n wí ni pé ògiri ti ń jẹrà. Òótọ́ ni pé ní ìsàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn akọrin máa ń gbà wọlé, ọ̀dà ti ń ṣí, símẹ́ńtì sì ń já bọ́ ní wẹ́wẹ́. Mo bẹ bíríkìlà àgbà kan kí ó bá mi wò ó. Ó fi òòlù kan ògiri náà láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé, ó sì sọ fún mi pé kò sí ohun tí ó ṣe amọ̀ náà, símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ nígbà tí àwa wà ní ọmọdé ni ó ń pa á lára. Omi máa ń ti inú ilẹ̀ gun ògiri amọ̀ lásìkò òjò. Bí ojú ògiri bá ṣí sílẹ̀, oòrùn àti afẹ́fẹ́ yóò fà á gbẹ, ṣùgbọ́n bí símẹ́ńtì bá ti bò ó, omi kò rí ọ̀nà jáde, amọ̀ yóò sì máa rọ̀ láti inú wá. Ó ní kí a ṣí símẹ́ńtì ìsàlẹ̀ náà kúrò, kí a fi amọ̀ tí a pò mọ́ yanrìn rẹ́ ẹ padà, kí a sì la gọ́tà tí yóò máa gbé omi òjò jìnnà sí ẹsẹ̀ ògiri. Iṣẹ́ yẹn kò tó ìdá kékeré nínú owó tí wọ́n fẹ́ kó jọ.

Fọlákẹ́, ìwọ náà mọ bí ògiri yẹn ti nípọn tó, nítorí pé inú fèrèsé rẹ̀ ni àwa méjèèjì máa ń jókòó sí nígbà tí ìwàásù bá gùn. Amọ̀ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ gún ni, wọ́n ń mọ ọ́n ní ìpele ìpele, wọ́n sì ń dúró kí ọ̀kan gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, gẹ́gẹ́ bí àwọn Ẹ̀gbá ti ń kọ́ ilé wọn. Síbẹ̀, ìrísí rẹ̀ jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ó gùn, ó yọ apá méjì bí àgbélébùú, pẹpẹ wà ní ìlà-oòrùn, orí àwọn fèrèsé sì ṣe ṣónṣó. Òkúta ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe irú fèrèsé bẹ́ẹ̀. Amọ̀ àti igi ìrókò ni àwọn bàbá wa fi ṣe tiwọn. Wọ́n gbé òrùlé ga kí ooru lè rí òkè lọ, wọ́n sì jẹ́ kí ó yọ síta kí òjò má baà máa na ògiri. N kò mọ ibòmíràn tí ọgbọ́n ìlú méjì ti wọnú ara wọn tó bẹ́ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké ni ìyá tí ó bí ìjọ tiwa. Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti kọ́kọ́ wá sí ìlú yìí ní oṣù Kejìlá ọdún 1842, Townsend ti C.M.S., ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì dé ní oṣù Kìíní ọdún 1843, Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá nígbà náà, sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí Townsend ń padà bọ̀ pẹ̀lú Àjàyí Crowther, Ṣódẹkẹ́ kú ní ọdún 1845, ogun sì dí ọ̀nà, wọ́n sì dúró pẹ́ ní Àgbádárìgì kí wọ́n tó wọ Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1846. Townsend jókòó sí Aké, Crowther sí Ìgbẹ̀ìn, oṣù yẹn gan-an ni Crowther sì rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, ẹni tí ogun ti yà á nípa láti ìgbà èwe. Nígbà tí Ìfọ́lé, rògbòdìyàn tí wọ́n ti fọ́ àwọn ilé ìjọsìn, ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1867 tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú, àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn Sàró onígbàgbọ́, àwọn tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú tí wọ́n padà wá láti Sierra Leone, ni wọ́n di ìsìn mú. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó kọ́ ilé tí wọ́n fẹ́ wó yìí, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn mí.

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ń tọ́ka sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ti Marina ní Èkó, pé àwọn ará ibẹ̀ fi ilé tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Iṣẹ́ tí Bagan Benjamin yàwòrán rẹ̀ yìí dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún 1925 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ó sì di 1946 kí ó tó parí, pẹ̀lú gbogbo ọrọ̀ Èkó. Ìjọ tiwa tí a ṣì ń jẹ gbèsè dùùrù ńkọ́? Níbo ni àwọn àgbààgbà wa yóò ti máa jọ́sìn ní gbogbo àkókò náà? Mo béèrè ní ìpàdé, ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn. Àwo idẹ tí wọ́n fi ń rántí bàbá bàbá rẹ wà lára ògiri náà, wọ́n kò tíì sọ ibi tí wọn yóò gbé e sí.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ ọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ ní Birmingham, ní Cadbury Research Library ti yunifásítì ibẹ̀, ni ìwé àwọn C.M.S. wà: lẹ́tà àti ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tí àwọn ajíhìnrere, òyìnbó àti àwa aláwọ̀ dúdú, ń kọ ránṣẹ́ sí London. Jọ̀wọ́, bá mi wá èyí tí ó sọ̀rọ̀ nípa kíkọ́ ilé ìjọsìn wa, tàbí àwòrán rẹ̀ bí ó bá wà, kí o sì ya fọ́tò àwọn ojú ìwé náà. Kí o tún kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ní orúkọ ìdílé yín, nítorí pé wọn yóò gbọ́ tirẹ̀ ju tèmi lọ. Ìpàdé gbogbo ìjọ yóò wáyé kí Ìkórè tó dé, mo sì fẹ́ kí ìwé rẹ ti wà lọ́wọ́ mi ṣáájú rẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àdùkẹ́