Igi kan náà, òkè kan náà, ohùn méjì

Bishop, Kalifọ́níà

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni Ìbàdàn? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? O bi mí pé kí ni mo ń wá lórí òkè tí kò sí nǹkan níbẹ̀ ju òkúta àti igi lọ. Ọ̀rọ̀ àwọn igi náà ló gbà mí lọ́kàn.

Òkè náà ni White Mountains. Àwọn òkè Sierra Nevada tó wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú òjò kí ìkùukùu tó dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà omi tí ibẹ̀ ń rí lọ́dún kò ju nǹkan bí 300 mìlímítà lọ, yìnyín ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni igi páìnì tí wọ́n ń pè ní bristlecone ń gbé. Èyí tí Edmund Schulman, onímọ̀ òrúka igi, gbẹ́ wò ní 1957, tí wọ́n sọ ní Methuselah, ti lé ní 4,800 ọdún, ó sì wà láàyè. Wọn kì í fi ibi tó wà gan-an han àlejò, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀, torí ọwọ́ ọmọ aráyé kì í mọ níwọ̀n.

Irin oníhò ni wọ́n fi ń gbẹ́ igi náà láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n á fa ọ̀pá kan jáde tí kò nípọn tó pẹ́ńsù, igi kò sì ní kú. Tí wọ́n bá fi sáńdípépà dán an, òrúka tí igi ń fi kún ara rẹ̀ lọ́dọọdún á yọ, ọ̀pọ̀ wọn kò tó mìlímítà kan. Lọ́dún tí nǹkan bá le gan-an, òrúka lè má sí rárá, àfi kí wọ́n fi igi kan wé òmíràn kí ọdún má baà sọnù.

Lókè pátápátá, níbi tí igi parí sí, ní nǹkan bí 3,400 sí 3,500 mítà, òtútù ni ọ̀tá. Ọdún tí ooru bá mú díẹ̀ ni òrúka ń fẹ̀. Sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí 150 mítà péré, ọ̀rọ̀ yí padà: omi ni tìsàlẹ̀ ń wá. Ooru tó ń tu igi òkè lára, òǹgbẹ ló ń kó bá tìsàlẹ̀. Ẹni tó bá da òrúka àwọn méjèèjì pọ̀ kò ní gbọ́ ohùn ọ̀kankan.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2009 fi hàn pé láàárín àádọ́ta ọdún tó gbẹ̀yìn ọ̀rúndún ogún, igi ìpẹ̀kun òkè dàgbà ju bó ṣe dàgbà ní àádọ́ta ọdún mìíràn kankan láti 3,700 ọdún sẹ́yìn. Tìsàlẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á ní ìròyìn ayọ̀ ni. Àjàní, ẹ̀rù ló bà mí. Òtútù tó ti ń ká igi wọ̀nyí lọ́wọ́ kò láti ayébáyé ti ń fi òkè sílẹ̀, páìnì mìíràn tí wọ́n ń pè ní limber sì ti ń hù kọjá ibi tí àwọn àgbà bristlecone dúró sí, ó ń gba ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Nílé, ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń dá igi dúró. Wọ́n ti ka òrúka igi apá àti ayin ní orílẹ̀-èdè Benin, bí òjò bá ṣe rọ̀ sí ni òrúka wọn ń fẹ̀ sí. Bí o bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń la pákó, jọ̀wọ́ bá mi ya fọ́tò ojú ìtì apá kan, kí o bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti gé e.

Bá mi kí Màmá.

Èmi ni,
Àkànbí