Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n tó ta síídì fún mi ní Pánṣẹ́kẹ́

Ẹ̀gbọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ò lè rántí mi. Lọ́dún 2007, lábẹ́ agboòrùn ńlá kan ní Pánṣẹ́kẹ́ l'Abẹ́òkúta, ẹ ta síídì kan fún mi. Igba náírà lẹ kọ́kọ́ pè é, mo ná an dé àádọ́jọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ orúkọ ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì U2, orúkọ Rick Rubin tó máa ń darí bí àwọn olórin ṣe ń ṣe àwo, àti 2007 sára páálí rẹ̀. Ó jọ pé yíǹkì ti ń tán lọ nínú ẹ̀rọ náà, torí ojú Bono, akọrin wọn, pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Ẹ wò mí lójú, ẹ ní, "Bọ̀ọ̀dá, èyí ò tíì jáde o."

Òótọ́ lẹ sọ. Kò tíì jáde títí di òní.

Bóyá ẹ mọ bó ṣe ń ṣe mí nígbà yẹn. Ní 2006, àwọn ọmọ Dublin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, U2, wọ sítúdíò Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú Rubin, orí gbogbo àwa olólùfẹ́ wọn sì dàrú. Rubin tó bá wọn dá iléeṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde, Def Jam, sílẹ̀ láti inú yàrá tó ń gbé ní yunifásítì ní New York ní 1984, tó wà nídìí àwo àwọn olórin ráàpù Run-DMC ní 1986, tó fi àgbà olórin Amẹ́ríkà, Johnny Cash, jókòó ti gìtá ẹyọ kan ní 1994 tí ayé tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ bàbá náà. Ẹ wá wo U2, tí gìtá The Edge máa ń dún lọ dún bọ̀ bí ìgbà téèyàn pariwo lábẹ́ Olúmọ. Kí ni ì bá ṣẹ́ kù tí ọkùnrin yìí bá bọ́ gbohùngbohùn yẹn lára wọn? Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Mo sanwó àṣemọ́jú ní kafẹ́ kan ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀ títí ojú mi fi pọ́n. Ẹnì kan á ní àwo náà ti parí, wọ́n kàn tì í mọ́ àpótí ni. Ẹlòmíì á ní irọ́ ni. Èmi fúnra mi kọ orúkọ orin mọ́kànlá sẹ́yìn ìwé ilé ẹ̀kọ́ mi, mo tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, orin tí etí mi ò gbọ́ rí.

Ẹ wá rí i pé ẹni tẹ́ ẹ máa rí mú gan-an lẹ rí mú.

Wọ́n ti mú iná lọ nígbà tí mo délé. Aago mọ́kànlá alẹ́ kọjá kí wọ́n tó mú un dé. Orin àkọ́kọ́ ni "The Saints Are Coming", èyí tí wọ́n bá ẹgbẹ́ olórin Green Day kọ nítorí àwọn ará New Orleans tí ìjì Katrina sọ di aláìnílé. Ìkejì ni "Window in the Skies". Ara mi yá gágá. Ìgbà tó di ẹ̀kẹta, orin àtijọ́ tí mo ti há sórí láti kékeré ni, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń lọ títí dé ìkeje. Mo bú yín, ẹ̀gbọ́n, mi ò ní parọ́. Lọ́jọ́ kejì mo padà wá, ẹ ti ká agboòrùn yín lọ.

Mo ti wá mọ ìdí tí àwo náà ò fi jáde, ó kéré tán mo mọ èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn. Aládìrẹ ni ìyá ìyá mi ní Ìtòkú. Bí wọ́n bá ń ṣe ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ, wọ́n á sá a kó gbẹ kóríkórí, kó tó fojú kan ìkòkò aró. Bí Rubin ṣe ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn: kí orin ti parí nílé, kí ẹ tó wọ sítúdíò. U2 ò mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Inú sítúdíò gan-an ni wọ́n ti máa ń wá orin, wọ́n á máa lù, wọ́n á máa tún un lù, títí nǹkan kan á fi yọjú. Àfi bí ẹni ti aṣọ bọ aró tán tó wá ń wá ìyẹ́ kiri. Wọ́n padà sọ́dọ̀ àwọn tó ti ń bá wọn ṣe àwo tẹ́lẹ̀, Brian Eno àti Daniel Lanois, tó ti mọ ìwà wọn láti 1984, wọ́n sì gba Fez ní Morocco lọ kí àwo mìíràn tó jáde ní 2009. Ní 2024 wọ́n tú àpótí, wọ́n kó orin mẹ́wàá síta. Mo sáré wò ó. Ẹrù ìgbà tí wọ́n ń ṣe àwo 2004 ni.

Nǹkan kan ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Orin méjì àkọ́kọ́ yẹn, ọwọ́ Rubin ni wọ́n ti jáde lóòótọ́, àwọn nìkan náà la sì rí gbọ́ nínú iṣẹ́ yẹn. Oníjìbìtì tí kò bìkítà ò lè mọ ìyẹn. Ta ló sọ fún yín ní Pánṣẹ́kẹ́? Àbí ẹ̀yin náà wà ní kafẹ́ láṣemọ́jú, ẹ̀yìn ìjókòó mi ńbẹ̀?

Ẹ̀kẹjọ wá ńkọ́, èyí tí kò lórúkọ? Gìtá kan ṣoṣo, kò sí ìlù, kò sí ẹni tó ń kọrin. Òjò ń rọ̀ sórí páànù. Láàárín, àkùkọ kan kọ, ẹni tó ń ta gìtá dúró díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí páànù lórí Abbey Road.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin ni?

Síídì náà ti gbó, ó máa ń fò tó bá ti kọjá ibi àkùkọ yẹn, mi ò sì tíì gbọ́ bó ṣe parí láti bí ọdún mẹ́wàá. Bí èyí tó pé bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tà á fún mi. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò ní ná an.

Èmi ni,
oníbàárà yín alárìnkò.