Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì: Ọjà ń Tà, Owó Ò Sí Lọ́wọ́

Múṣin, Èkó
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni Kàdúná? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti lọ? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní ọjà ń tà, èrè sì wà, síbẹ̀ tí ẹni tó ń já ìrẹsì fún ọ bá dé, ńṣe lo máa ń sá kiri wá owó. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí ó ṣe èmi náà rí. Ojú ló tì mí tí mi ò fi sọ fún ọ.

Oṣù karùn-ún 2023 ni. Ìdílé kan wá gba léèsì aṣọ ẹbí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Balógun, ogójì èèyàn. ₦15,000 ni mo gba ọ̀kọ̀ọ̀kan láwìn lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo tà á ní ₦20,000. Mo ṣírò rẹ̀ sínú ìwé: èrè ₦200,000. Àwọn méjìdínlógún sanwó, ₦360,000, ni mo bá fi ₦80,000 ra fìríìjì tòkunbọ̀ sílé, mo ní èrè mi ni mò ń ná. Owó ọjà ni mò ń jẹ, Ìyá Ìbejì. Ọ̀gá tí mo gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ń retí ₦600,000, ₦280,000 ló kù lọ́wọ́ mi. Àwọn méjìlélógún yòókù ti wọ aṣọ, wọ́n ti ṣe ìnáwó tán. Tí mo bá pè wọ́n: "Màmá, ẹ ṣe sùúrù." Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo ti lọ yáwó, pẹ̀lú èlé.

Oṣù kẹfà ni ìjọba fi náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀ lójú ọjà. Dọ́là gbówó lórí, aṣọ náà tẹ̀ lé e. Nígbà tí àwọn onígbèsè mi fi máa san ₦20,000 wọn ní oṣù kẹsàn-án, léèsì kan náà ti di ₦23,000 lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Mo ta aṣọ kan, owó rẹ̀ kò ra ẹyọ kan padà. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, nínú dánfó, láti Ìdúmọ̀tà títí dé Ojúẹlẹ́gbá.

Tẹ́lẹ̀, ohun tí mo tà nìkan ni mò ń kọ. Ní báyìí, ọjọ́ ni mò ń kọ: ọjọ́ tí owó máa wọlé, ọjọ́ tó máa jáde. Gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń wo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó wà níwájú. Tí ìjáde bá fẹ́ ṣáájú ìwọlé, mo á tètè lọ bá ọ̀gá mi. Oṣù tó kọjá, ó fi ọjọ́ mẹ́wàá kún un fún mi. Ní 2023, ẹ̀yìn ìgbà tí àdéhùn ti yẹ̀ ni mo lọ bẹ̀ ẹ́, kò tilẹ̀ wojú mi.

Aṣọ ẹbí pẹ̀lú, ẹni tí kò bá san iye tí èmi fi rà á, aṣọ kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà méjì bínú lọ. Ó dùn mí, àmọ́ mi ò yí i padà. Mo sì ti bẹ ìyá àjọ wa kó fi tèmi sí oṣù kọkànlá, torí oṣù kejìlá ni owó ṣọ́ọ̀bù.

Tìrẹ wàyí: ọjọ́ mélòó ni àpò ìrẹsì márùn-ún fi ń tán? Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ẹni tó já a sì ń gbowó ní ọjọ́ keje, kì í ṣe pé o ò mọ ọjà tà. Ní kó máa já méjì méjì. Kọ ọjọ́ tí àpò dé fún mi, ọjọ́ tó tán, àti gbogbo ẹni tó gbà láwìn, má fi ẹnì kankan pamọ́, títí kan àbúrò ọkọ rẹ. Mo á pè ọ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ká jọ wò ó.

Bá mi kí àwọn ìbejì.

Èmi ni,
Ìyá Tọ́pẹ́