Má tíì fún un pọ̀ ná

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Inú mi dùn pé ara gbogbo yín le, ó sì tún dùn sí i nígbà tí mo kà á pé kámẹ́rà àtijọ́ yẹn ṣì ń yí téèpù. O ní kí n sọ bí o ṣe máa kó àwọn fídíò náà wọ kọ̀ǹpútà tí wọn kò fi ní gba gbogbo àyè inú rẹ̀. Iṣẹ́ méjì lo dà pọ̀ yẹn o. Kíkó fídíò wọ kọ̀ǹpútà dá dúró, fífún un pọ̀ kó lè kéré náà dá dúró. Àwọn ẹ̀rọ pọ́ọ́kú kan wà tó ń ṣe méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ibẹ̀ gan-an sì ni fídíò ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bàjẹ́.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àwòrán PAL (irú ètò tẹlifíṣọ̀n kan) máa ń wọ kọ̀ǹpútà ní píksẹ́lì, ìyẹn àwọn ẹ̀kán kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, 720 sí 576, márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n irú rẹ̀ ló sì ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí o bá gbà á láìfún un pọ̀ rárá, wákàtí kan péré á gba nǹkan bíi gígábáìtì 75. Mo mọ̀ pé ìyẹn ló ń bà ọ́ lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ìfúnpọ̀ kan wà tí kì í ju ohunkóhun nù: HuffYUV, Lagarith àti FFV1 wà lára wọn. Wọ́n lè dín fáìlì náà kù sí bí ìdajì, nígbà mìíràn kó tilẹ̀ kéré sí i, síbẹ̀ bí o bá tú u, gbogbo píksẹ́lì á pé pérépéré. Ọ̀kan nínú wọn ni kí o fi gba téèpù sílẹ̀. H.264 àti MPEG-2, tí àwọn náà jẹ́ ìfúnpọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n bá rò pé ojú kò ní rí, wọ́n á jù ú nù, èyí tí wọ́n bá sì jù nù ti lọ nìyẹn.

Téèpù àtijọ́ gan-an ló ń da irú ìfúnpọ̀ yẹn láàmú jù. O mọ àwọn nǹkan wínníwínní tó máa ń ta lójú àwòrán, pàápàá bí wọ́n bá ya fídíò náà nínú yàrá tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ dáadáa? Ojú tìrẹ kò kà wọ́n sí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rò pé nǹkan tuntun ni wọ́n. Á máa ná gbogbo agbára rẹ̀ lé wọn lórí, ojú èèyàn tó yẹ kó mọ́ kedere á wá dà bíríkì bíríkì. Bí téèpù bá ń yí lọ́wọ́, ẹ̀rọ kò ráàyè yẹ ohunkóhun wò lẹ́ẹ̀mejì. Bí fáìlì ńlá bá ti wà nílẹ̀, o lè fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ mọ́jú kó máa ṣe é ní sùúrù. Bí ọ̀kan kò bá sì dára, o tún un ṣe láìfọwọ́ kan téèpù mọ́.

Ní ti wáyà, bí kámẹ́rà rẹ bá ní ojú ihò S-Video, má wo ti yẹ́lò lójú. Wáyà yẹ́lò ń da àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ àwòrán pọ̀ sínú okùn kan, yíyà wọ́n sọ́tọ̀ padà kì í sì í mọ́ tán. S-Video yà wọ́n sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn ṣì máa gba inú wáyà funfun àti pupa.

Téèpù kì í sì í yí déédéé. Ìlà àwòrán kan á yá díẹ̀, òmíràn á pẹ́ díẹ̀, àwọn òpó tó yẹ kó dúró ṣánṣán á wá máa mì. Bó bá pọ̀ jù, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í fo àwọn àwòrán kan, nígbà tó bá máa di ìparí téèpù, ohùn àti ètè kò ní bára mu mọ́. TBC ni wọ́n ń pe ohun tó ń tún ìyẹn ṣe. Àwọn kámẹ́rà Hi8 (irú èyí tó ń lo téèpù fídíò kékeré) kan ní in nínú, wo inú menu rẹ̀ dáadáa. VirtualDub, ètò kọ̀ǹpútà tí o lè fi gba fídíò náà, máa ń ka iye àwòrán tó fò fún ọ bó ṣe ń gbà á. Bí iye náà bá ń gòkè ṣáá, dá a dúró, kí o pa gbogbo ètò yòókù. Má sì kọ ọ́ sórí dísìkì tí wọ́n tò ní FAT32 (ọ̀nà àtijọ́ kan tí dísìkì ń gbà to fáìlì), nítorí fáìlì kan kò lè ju gígábáìtì 4 lọ níbẹ̀.

Bí o bá ń wo fáìlì ńlá náà, wàá rí i pé ọwọ́ tó bá ń mì yọ eyín bí òòyà. Kò bàjẹ́. Ìdajì àwòrán ni kámẹ́rà ń yà lẹ́ẹ̀kan, 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn ìlà kan lákọ̀ọ́kọ́, àwọn tó wà láàárín wọn lẹ́yìn náà. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú fáìlì ńlá. Ìgbà tí o bá ń ṣe èyí tó kéré fún àwọn ẹbí ni kí o tó yanjú rẹ̀. Bwdif tó wà nínú ètò kọ̀ǹpútà FFmpeg tó láti sọ ìdajì wọ̀nyẹn di odindi àwòrán, QTGMC tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà mọ́ jù ú lọ ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀. Jẹ́ kó yọ àwòrán 50 jáde, má ṣe 25, torí ìrìn àwọn èèyàn á máa já bí o bá dín in kù. Bí wọ́n bá ń lọ síwájú tí wọ́n tún ń padà sẹ́yìn, ìdajì tó yẹ kó ṣáájú lo fi sẹ́yìn, yí i padà. Lẹ́yìn náà, fi H.264 fún èyí tó kéré yẹn pọ̀, kí CRF, nọ́ńbà tó ń sọ bí àwòrán ṣe máa dára tó, jẹ́ 18 tàbí 20. Bí nọ́ńbà yẹn ṣe ń kéré sí i ni àwòrán ń dára sí i, tí fáìlì náà sì ń tóbi sí i.

Kí o tó ṣe èyíkéyìí nínú gbogbo èyí, wo ojú gíláàsì téèpù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti bu, tí nǹkan funfun ti hù sí lára, má fi sínú kámẹ́rà rárá, á ràn mọ́ orí tó ń kà á, á sì ti ibẹ̀ mú àwọn yòókù. Àwọn tó mọ́, yí wọn lọ dé òpin kí o sì yí wọn padà kí o tó tẹ̀ ẹ́ pé kó ṣeré.

Má tíì ra ẹ̀rọ kankan o. Kọ orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lábẹ́ kámẹ́rà náà ránṣẹ́ sí mi ná. Bó bá lọ jẹ́ Digital8 (irú kámẹ́rà tó ń kọ fídíò dígítà sórí irú téèpù kékeré yẹn), àwọn kan nínú wọn lè ka téèpù Hi8, wọ́n á sì gba inú wáyà FireWire gbé e jáde ní DV, irú fídíò dígítà kan, nǹkan bíi gígábáìtì 13 fún wákàtí kan. Nígbà náà, wáyà mìíràn pátápátá la máa wá.

Kí gbogbo ará ilé fún mi.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́