Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Ìmọ́lẹ̀ Ká Tó Ra Kámẹ́rà Mìíràn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, ojú ìwé yín ló sì yẹ kí n ti sọ ọ́. Ó kan àwa tá à ń ya fọ́tò nítorí pé a fẹ́ràn rẹ̀, tí a kò fi ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Nígbàkígbà tí ìwé ìròyìn bá fẹnu kan kámẹ́rà, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni wọ́n máa ń ròyìn: bí megapixel rẹ̀ (iye mílíọ̀nù àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán) ṣe pọ̀ tó, lẹ́ńsì mélòó ló wà lẹ́yìn fóònù. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń gbé ènìyàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bẹ́ẹ̀, àìmọ ìyẹn gan-an ló ń ba fọ́tò wa jẹ́.

Ọdún 29 ni mo fi kọ́ni ní físíìsì kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní òfin ìmọ́lẹ̀ láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n n kò fi í ṣe nǹkan kan nínú ilé ara mi. Nígbà tí ìyá mi pé ọdún 84, mo fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ kan tí a ó máa rí wò. Mo yá kámẹ́rà olówó ńlá lọ́wọ́ àbúrò mi, èyí tó ní megapixel 45. Mo ní kí màmá dúró síwájú ògiri funfun, mo tan gbogbo iná pálọ̀, mo tún lo fíláàṣì. Fọ́tò 60 ni mo yà. Iwájú orí wọn ń dán gbinrin, òjìji dúdú kan lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn wọn, àwọn ìlà ojú tí mo mọ̀ láti kékeré sì pòórá pátápátá. Ní ọjọ́ kejì, màmá fúnra wọn lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù. Kámẹ́rà mi àtijọ́, onímegapixel 12, ló wà nítòsí. Mẹ́ta péré ni mo yà. Màmá ti lọ báyìí, ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn ló sì wà lára ògiri mi títí di òní.

Mo jókòó, mo ro ohun tó fà á. Fíláàṣì orí kámẹ́rà kò tóbi rárá, ọ̀kánkán ojú ló sì ti ń tàn. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ojú ihò kékeré wá máa ń ju òjìji tí etí rẹ̀ mú bí abẹ. Èyí tó bá sì wá láti ọ̀kánkán kì í jẹ́ kí òjìji hàn lójú ènìyàn rárá, bẹ́ẹ̀ òjìji ló ń jẹ́ ká rí i pé imú yọ, pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yí roboto. Fèrèsé tóbi, ẹ̀gbẹ́ ló sì ti ń tàn. Bí ènìyàn bá jókòó sí nǹkan bíi mítà kan sí i, tí ejìká rẹ̀ kan kọjú sí i, ìmọ́lẹ̀ á rọra yí ojú rẹ̀ ká. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á mọ́, èkejì á ṣókùnkùn díẹ̀, fèrèsé náà fúnra rẹ̀ á sì máa tàn kínníkínní nínú ẹyinjú. Bí òkùnkùn apá kejì bá pọ̀ jù, ẹ gbé páálí funfun kan dúró lápá ibẹ̀, ẹ ó rí i bí ojú á ṣe là. Bí oòrùn bá ń wọlé tààrà, ẹ ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo fèrèsé. Ẹ sì pa iná yàrá. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà ní nǹkan bí 5,500 lórí òṣùwọ̀n Kelvin, èyí tí a fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, ti gílóòbù oníwáyà àtijọ́ kò sì ju nǹkan bí 2,800 lọ. Bí méjèèjì bá pàdé lójú ènìyàn kan, kámẹ́rà kò lè tún àwọ̀ wọn ṣe pọ̀: apá kan á pọ́n, apá kejì á rí bí ohun tí wọ́n rẹ sínú aró.

Òfin kan wà tí mo máa ń fi ẹfun kọ sórí pátákó lọ́dọọdún: bí o bá jìnnà sí iná ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló máa kàn ọ́. Iná kékeré ni òfin yìí bá mu rẹ́gí. Ní ti fèrèsé ńlá, bí o bá wà nítòsí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kì í tètè dín kù tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dín kù. Ohun tí mo fi ń mú kí ẹrù inú yàrá kúrò lójú nìyẹn báyìí. Mo máa ń sún ẹni náà mọ́ fèrèsé, kí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ jìnnà, ògiri náà á sì ṣókùnkùn fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé mo ta aṣọ dúdú kankan síbẹ̀.

Ti awọ dúdú wa ló dùn mí jù lọ. Ẹ wo àwọn fọ́tò ẹbí tó wà lórí fóònù yín, èyí tí wọ́n yà síwájú ògiri funfun tàbí síwájú ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀. Aṣọ hàn, ògiri hàn, ojú ènìyàn nìkan ni kò hàn. Wọ́n á ní ẹni náà ló dúdú jù. Irọ́ ni! Láyé fíìmù aláwọ̀, fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun ni àwọn tó ń fọ fọ́tò fi ń ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Shirley ni wọ́n ń pe káàdì tí fọ́tò náà wà lórí rẹ̀. Awọ tiwa kò sí nínú ìṣirò wọn. Ohun tó ń ṣe kámẹ́rà òde òní yàtọ̀ sí ìyẹn. Mítà inú rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, gbà pé bí a bá po gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, àwọ̀ eérú ló máa jẹ́, irú èyí tó ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Bí ògiri funfun bá gba ibi tó pọ̀ nínú fọ́tò, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì gé e kù. Ojú dúdú tó wà láàárín ló ń jìyà rẹ̀. Ẹ wá bọ́tìnnì tó ní àmì + àti − lára kámẹ́rà yín, ẹ gbé e sí +1, kí ẹ tún un yà. Bí kò bá tíì tó, ẹ lọ sí +2. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ fi ìka kan ojú ẹni náà lórí gíláàsì, kí ẹ wá fa ìka náà sókè. Ògiri lè funfun jù, kò burú, ojú ènìyàn la wá yà. Bí ẹni náà bá wọ aṣọ dúdú níwájú ibi tó ṣókùnkùn, −1 ni kí ẹ dán wò.

Bí owó bá wà tí ẹ sì fẹ́ ra nǹkan dandan, lẹ́ńsì 50mm tí ihò rẹ̀ ń là dé f/1.8 ni kí ẹ rà. Kò wúwo, ó sì máa ń wà lára àwọn tí owó wọn kéré jù lọ. Lẹ́ńsì tó máa ń bá kámẹ́rà wá kì í sábà là ju nǹkan bí f/5.6 lọ bí a bá fà á dé 50mm, ìmọ́lẹ̀ tí f/1.8 ń gbà sì lé ní ìlọ́po 9 tìyẹn. (Bí nọ́ńbà f bá ṣe ń kéré sí i ni ihò ń tóbi sí i. Ó máa ń da orí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rú, ó sì yẹ kí ẹnì kan sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ kìíní.) Lẹ́ńsì yìí kì í fà síwájú tàbí sẹ́yìn, ẹsẹ̀ yín lẹ máa fi rìn. Odidi ọdún kan ni mo fi lo tèmi láìlo òmíràn, títí ẹsẹ̀ mi fi mọ ibi tó yẹ kó dúró kí n tó gbé kámẹ́rà sójú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ní f/1.8, ibi tó ń mú ṣáká kò nípọn rárá. Ẹyinjú lè mú ṣáká, kí etí má sì mú. Ẹyinjú tó sún mọ́ yín jù ni kí ẹ fi fókọ́ọ̀sì sí. Fún ẹni méjì, mo máa ń pa ihò dé f/4. Bí ẹbí bá tò ní ìlà méjì tàbí mẹ́ta, f/8.

Ní ti megapixel tí wọ́n ń pariwo rẹ̀, nígbà tí Steven Sasson, ẹnjiníà kan, ṣe kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù ní ilé iṣẹ́ Kodak ní 1975, àmì 10,000 péré ló wà nínú àwòrán rẹ̀. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ iye ṣe pàtàkì lóòótọ́. Lónìí, fọ́tò tó gùn ní ínǹṣì 10, tó fẹ̀ ní ínǹṣì 8, tó sì mú ṣáká lórí bébà, megapixel 7 lé díẹ̀ ti tó o. Kámẹ́rà mi àtijọ́ ní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọwọ́ mi kò dúró bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí náà mo máa ń fara ti ògiri, mo máa ń mí jáde kí n tó tẹ bọ́tìnnì. Pẹ̀lú 50mm, n kì í jẹ́ kí ojú kámẹ́rà là pẹ́ ju ìdá kan nínú 80 ìṣẹ́jú àáyá (1/80) lọ. Bí ọmọdé bá ń sáré, ó di 1/500. Bí ìyẹn bá gba pé kí n gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń mú kí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ hàn dáadáa tó, dé 3200, mo máa ń gbé e. Fọ́tò tó ní hóróhóró ṣì ṣeé wò, èyí tí ọwọ́ ti gbọ̀n kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Mo ti pàdánù lẹ́ńsì kan rí. Inú àpò awọ ni mo tì í mọ́ fún oṣù mẹ́rin nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní ọ̀rinrin. Ìgbà tí mo gbé e síta, nǹkan bí okùn aláǹtakùn ti hù sínú gíláàsì rẹ̀. Inú ike tí ìdérí rẹ̀ le ni mo ń kó wọn sí báyìí, pẹ̀lú àwọn sáṣẹ́ẹ̀tì tó ń fa omi àti aago kékeré tó ń ka ọ̀rinrin. Mo ń rí i pé kò kúrò láàárín 40 sí 50 nínú 100. Káàdì kan tí kámẹ́rà ń kó fọ́tò pamọ́ sí tún kú mọ́ mi lọ́wọ́ pẹ̀lú fọ́tò ọdún kìíní ọmọ-ọmọ mi, èyí tí n kò tíì dà kọ síbòmíràn. Láti ìgbà náà, ibi mẹ́ta ni fọ́tò mi ń wà, ọ̀kan nínú wọn kì í sì í sí nínú ilé yìí.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ̀ yín rèé, Olóòtú. Ẹ yọ̀ǹda igun kékeré kan fún fọ́tò àwọn òǹkàwé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ kámẹ́rà sábẹ́ rẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá ni kí ẹ kọ síbẹ̀, aago mélòó ni, àti bí ẹni tí wọ́n yà ṣe jìnnà tó sí fèrèsé tàbí ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ bá gbà, mo ṣe tán láti fi fọ́tò màmá ṣọwọ́ sí yín. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, fèrèsé wà lápá òsì wọn, kò tó mítà kan.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Olùkọ́ físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì